Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ẹrù wa ṣì wà nínú ilé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Oròkí, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Oròkí àmọ́ tí ẹ ń kà wá. Ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìbéèrè oṣù yìí. Fọ́rọ́ọ̀mù kan wà tí àwọn ará Òṣogbo nílé lóko ti ń pàdé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ẹni tó ni ín ò tíì sọ tẹnu ẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan báyìí làwọn èèyàn tẹ̀ ẹ́ tí ò ṣí, wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó di ọjọ́ kejì, ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di oṣù kan àbọ̀ báyìí. Ẹ wá gbọ́ ariwo! Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ṣépè, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Torí pé mo ṣe kàfé ní Òkè-Fìà láyé ìgbà tá à ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jí mọ́jú nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn rò pé kò sóhun tó jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí mi ò mọ̀. Irọ́ ni. Àmọ́ eléyìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí o. Aró ni mò ń rẹ. Ní 2011 ìkòkò kan kọ̀ fún mi, aṣọ tí mo bá kì bọ̀ ọ́ á kàn yọ ràkọ̀ràkọ̀, kò ní dú, mo ti fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù. Ọmọ mi wá bá mi bi wọ́n lórí fọ́rọ́ọ̀mù yẹn, ìyá àgbà kan ló dáhùn, ó ní omi eérú mi ni ò tíì múná, ó ní kí n fi ìka méjì pa á wò, tó bá ń yọ̀ bí ọṣẹ ó ti tó nìyẹn, tí ò bá yọ̀ kí n wá eérú tuntun kí n tún un sẹ́. Àwọn tó kù wá dá sí i, ti ewé elú tí ò gbẹ dáadáa, ti ọjọ́ mélòó ni ìkòkò máa lò, wọ́n pọ̀ gan-an. Títí di ọdún tó kọjá, tí nǹkan bá dojú rú, mà á ní kí ọmọ mi lọ ka ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kò sí mọ́. Ṣé ó jóná ni? Ta ló tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tá a sọ síbẹ̀, ṣé àwa ni àbí onílé? (Ìyá Aláró, Òkè-Baálẹ̀)

Màmá, ẹ kú ìfaradà, ọmọ yín náà kú iṣẹ́. Kò jóná. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà Orísunbáre ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń tajà ńbẹ̀ ní pátákó tó kọ orúkọ ẹ̀ sí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó rẹ́ǹtì, ó sì ní ọjà tó kó sínú ẹ̀. Orúkọ tí ọmọ yín ń tẹ̀ kí fọ́rọ́ọ̀mù tó ṣí, pátákó nìyẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé e sí nílùú òyìnbó, ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, òun náà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ omi eérú tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn wá ni ọjà. Tí pátákó bá wó, ọjà ò tíì sọnù, kò kàn sẹ́ni tó máa mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù lẹ máa bẹ̀rù. Tí gbèsè bá pọ̀, onílé á kọ́kọ́ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, tó bá wá pẹ́ á kó ohun tó wà nínú ẹ̀ dànù kó lè rí i fún ẹlòmíì, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ́ǹtì náà ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti lọ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè rí, ìyẹn WHOIS. Pátákó ló wó, ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá, kò sẹ́ni tó san án. Fún orúkọ tó bá parí sí .com, ẹni tó tà á fún èèyàn lè mú sùúrù tó ọjọ́ 45, lẹ́yìn náà ọjọ́ 30 míì wà tí ẹni tó ni ín ṣì lè rà á padà lówó gọbọi, lẹ́yìn ìyẹn ọjọ́ 5, ó parí, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ló ni ín. Oṣù kan àbọ̀ ti lọ níbẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ṣé ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lẹ́yìn pátákó tó wó, ìyẹn ò hàn síta, ẹni tó ń san án nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní ta ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ín, Màmá. Kọ́kọ́rọ́ ni ò sí lọ́wọ́ yín.

Èmi náà jẹ irú ẹ̀ rí, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwa tá a jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹgbẹ́ lórí Yahoo Groups, ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó rí físà, ẹni tó ṣaláìsí, èmi gan-an ni mò ń bójú tó o láti inú kàfé. Oṣù Kẹwàá 2019 ni Yahoo kéde pé kí kálukú wá kó ẹrù ẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, ímeèlì tí mi ò ṣí mọ́ ni lẹ́tà náà wọ̀ torí gbogbo wa ti kó lọ sí WhatsApp nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 15 oṣù Kejìlá 2020 wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa. Àwa tá a ń pe ara wa ní ọ̀làjú! Fọ́tò ìgbéyàwó lọ, àdúrà lọ, orúkọ àwọn tó ti kú lára wa àti ohun tí kálukú sọ nípa wọn lọ, àròyé lórí ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́ náà bá a lọ (mo mọ ẹnì kan tínú ẹ̀ dùn sí ìyẹn). Ẹ má sì rò pé Yahoo nìkan ló ṣe irú ẹ̀. Orkut tó jẹ́ ti Google, wọ́n tì í ní 30 oṣù Kẹsàn-án 2014, Google+ náà lọ ní 2 oṣù Kẹrin 2019, GeoCities tí àìmọye èèyàn kọ́lé sí, Yahoo yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ wó o ní 2009. Àwọn olówó ayé nìyẹn o, ká má tíì sọ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń yọ owó ṣọ́ọ̀bù nínú owó oṣù ẹ̀.

Ẹ dúró dè mí nísàlẹ̀, Màmá, mo ṣì ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìjọba ló tì í? Torí wọ́n ń bú àwọn olóṣèlú níbẹ̀ gan-an. (Ọmọ Ìgbọ̀nà)

Rárá o, àbúrò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Twitter ló ṣì wà lọ́kàn ẹ, oṣù Kẹfà 2021 ni ìjọba àpapọ̀ tì í mọ́ wa, 13 oṣù Kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ṣé o rántí bá a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn? Ẹni tó bá ti tan VPN, tó ń mú kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè míì lèèyàn wà, á wọlé, torí ilé ò bàjẹ́, ọ̀nà ni wọ́n dí. Tan VPN báyìí kó o tẹ eléyìí wò. Èmi ti ṣe é, mo tún ní kí ẹnì kan ní Kánádà tẹ̀ ẹ́, òfo ni. Kì í sì í ṣe ti wáyà abẹ́ òkun, torí 14 oṣù Kẹta 2024 tí wáyà já lápá Abidjan, gbogbo wa la jọ jìyà ẹ̀, báǹkì ò ṣeé lò, kì í ṣe ilé ẹyọ kan ló dákẹ́. Bíbú tẹ́ ẹ sì ń bú wọn yẹn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Ẹnì kan ti ń pe àwa tá a wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé òun mọ ọmọ kan tó gbówọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, tó lè bá wa fà á jáde, kí kálukú mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá. Àwọn kan ti san. Àwọn kan ní admin, ìyẹn ẹni tó ni fọ́rọ́ọ̀mù, ti kú, àwọn kan ní ó ti tà á fún òyìnbó, àwọn kan ní ó wà ní Dubai tó ń jẹ̀gbádùn. Kí n san àbí kí n má san? (Alékúwodò)

Má san kọ́bọ̀. Kò sí ọmọ kankan tó máa fà á jáde. Ẹni tó ní páásíwọ́ọ̀dù ni, tàbí ẹni tí bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ṣe pamọ́, wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí ìkẹta. Bi ẹni tó ń pè ẹ́ yẹn ní ìbéèrè kan péré: níbo ni bákọ́ọ̀pù wà? Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gírámà, pa fóònù. Ẹni tó bá sì ní òun ni admin gangan, kó fi ímeèlì tó fi ń kọ̀wé sí gbogbo wa láti ọjọ́ yìí wá kọ̀wé, ìyẹn ò le rárá fún ẹni tó bá jẹ́ òótọ́.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan báyìí, ó lè má dùn. Èmi náà wà lórí fọ́rọ́ọ̀mù yìí, mo sì rántí ọdún tí admin ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ owó ṣọ́ọ̀bù ti lọ sókè o, dọ́là ti wọ́n, tí a bá lè dá nǹkan kékeré jọ. Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀. Ẹ mọ ohun tá a ṣe? “Ọlọ́run á bù sí i fún yín, admin.” “Ẹ ò ní rí àárẹ̀, sà.” Ẹnì kan fi ọwọ́ àdúrà mẹ́ta sí i. Bó ṣe lọ sísàlẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò rí i pé èmi gan-an san nǹkan kan, mo ti wá inú àkáǹtì mi. Ìyẹn ni mo ṣe ń wo àwọn tó ń ṣépè fún un báyìí bí ẹni ń wo eré. Ó yẹ kó kìlọ̀ fún wa, mo gbà, ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé kó sọ fáwọn tó jọ ń gbé, oṣù kan péré ì bá tó wa láti kó ẹrù wa. Àmọ́ kẹ́ ẹ máa ní kí ààrá san án torí pé ó sinmi sísan owó ilé tẹ́ ẹ gbé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá, àṣejù ni.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ réluwé, wọ́n fẹ̀yìn tì, orí fọ́rọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n wá ń fi gbogbo alẹ́ jókòó sí. Wọ́n kú ní 2017. Ohùn wọn ò sí lórí fóònù kankan, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ló kù, tí mo bá ti ń ṣàárò wọn mà á lọ kà á. Mi ò kó nǹkan kan pamọ́ torí mo rò pé á máa wà níbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. (Ọmọ Bàbá Réluwé, Lọ́ńdọ̀nù)

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ bàbá yín níbẹ̀. Àwọn ni wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọdún sọ, ẹni tó bá ti ní ìgbà tí wọ́n da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ni réluwé dé Òṣogbo, wọ́n á já wọlé pé 1907 ni o, kó o lọ ka ìwé.

Ibì kan wà tó o máa kọ́kọ́ lọ. Ilé ìkówèésí kan wà ní San Francisco tí wọ́n ń pè ní Internet Archive, ọ̀gbẹ́ni Brewster Kahle ló dá a sílẹ̀ ní 1996, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé láti 2001, Wayback Machine lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lọ sí web.archive.org, kó o tẹ àdírẹ́ẹ̀sì fọ́rọ́ọ̀mù yẹn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, kì í ṣe orúkọ bàbá ni wàá tẹ̀ o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kàlẹ́ńdà á jáde, ọjọ́ tó o bá rí àmì róbótó lára ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá síbẹ̀ nìyẹn. Tẹ ọ̀kan, kó o wá máa wọlé láti ojú ewé kan sí òmíràn bí ẹni ń rìn nínú ilé. Tí ọ̀kan ò bá ṣí, padà, gbìyànjú ọdún míì. Á pẹ́, fi ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀ fún un, kó o jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n má tàn ẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lo máa bá. Ohun tó bá jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé kó tó rí i, àwọn náà ò rí i, fọ́tò sì máa ń sọnù ju ọ̀rọ̀ lọ. Mo wò ó díẹ̀ kí n tó kọ èyí, yàrá ọ̀rọ̀ ìlú, níbi tí bàbá ti máa ń jà yẹn, gbangba ló wà, wọ́n ya á lọ́pọ̀ ìgbà, mo rí bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo èyí tó o bá rí, má fi sílẹ̀ níbẹ̀ kó o ní ọ̀la lò ń bọ̀. Ilé ìkówèésí yẹn gan-an, oṣù Kẹwàá 2024 làwọn ọ̀daràn já wọ̀ ọ́, ó wà ní títì fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣe ẹ̀dà sínú fóònù, ṣe ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà, kó o sì pírìntì ẹ̀. Màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi ní pírìntì.

A ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Ó ti di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìkíní ní àwọn ni ojúlówó, ìkejì jẹ́ tàwọn tó bínú kúrò níbẹ̀, ìkẹta àwọn tí ò fẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Èmi ni admin ìkejì, ó ti sú mi. Ṣé ká kúkú máa pàdé lójúkojú ni? (Ọlá-Ìyá)

Mẹ́ta tiẹ̀ kéré. Tó bá di Kérésìmesì ẹ ó ti di méje.

Gúrúùpù ò burú fún “ẹ káàárọ̀” àti “ta ló mọ mẹkáníìkì tó dáa”, ó sì gbà tó èèyàn 1,024. Àmọ́ kì í ṣe ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ sí. Lórí fọ́rọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ omi eérú dá yàrá tiẹ̀ ní, ẹni tó bá wá ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà á bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Lórí WhatsApp, àárín ìpolówó kírìmù àti fídíò pásítọ̀ ló máa bọ́ sí, kó tó di alẹ́ ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é náà, ẹ yan ẹnì kan tí á máa kó o jáde ní ìparí oṣù, ẹ lọ síbi ètò gúrúùpù, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Export chat sí. Tẹ́ ẹ bá mú un pẹ̀lú fọ́tò, ọ̀rọ̀ 10,000 tó kẹ́yìn ló máa kó, tẹ́ ẹ bá yọ fọ́tò kúrò ó lè tó 40,000. Pẹ̀lú bí ẹ̀yin ṣe máa ń sọ̀rọ̀ yẹn, oṣù kan lè máà tó 40,000, àmọ́ má fọwọ́ sọ̀yà.

Ti ìpàdé ojúkojú, mo fara mọ́ ọn, ẹ pè mí. Ṣebí ìlú yìí náà ni Duro Ladipo, eléré orí ìtàgé nnì, ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, ibi táwọn eléré àti oníṣẹ́ ọnà ti ń pàdé, orúkọ Ìgbò ni mbari, àwa ará ibí la fi etí Yorùbá gbọ́ ọ tó di “bí mo bá rí i, mà á yọ̀”. Ẹnu tí wọ́n ń jà níbẹ̀ lálẹ́ ò kéré sí ti fọ́rọ́ọ̀mù yín, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n yà sára pákó là ń rí lónìí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń pàdé, kí ẹnì kan mú bírò dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ Ìyá Aláró. Láyé kàfé mi, tíṣà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, Sátidé Sátidé ni wọ́n máa ń wá, wọn kì í wá ṣeré o, wọ́n á ní kí n pírìntì ohun tí wọ́n kà lórí fọ́rọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ yẹn fún àwọn, ogún náírà ni ojú ewé kan. Àwọn ọmọ tó ń ṣe night browsing máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá ń ra atẹ́gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún wọn pé sà, kò pọn dandan o, ó wà níbẹ̀ títí láé. Wọ́n á kàn wò mí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ìwé náà, wọ́n á fi okùn ṣúù so ó mọ́ fáìlì. Nígbà tí mo ń pa kàfé dé, wọ́n kó fáìlì mẹ́rin wá fún mi pé ilé àwọn ti kún, kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo dà wọ́n sí, mi ò ṣí wọn rí.

Mo ṣí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìkòkò tó kọ̀ wà nínú fáìlì kejì, Màmá, ọdún 2011, ìbéèrè tí ọmọ yín kọ wà lókè, ìdáhùn ìyá àgbà yẹn sì pé títí dórí ìka méjì àti ọṣẹ. Àwọn méje míì tẹ̀ lé e. Ìkẹjọ ń sọ iye ọjọ́ tí ìkòkò máa lò kó tó ṣeé kì aṣọ bọ̀, ibẹ̀ ni ojú ewé ti parí, èyí tó tẹ̀ lé e ò sí níbẹ̀, bóyá owó Bàbá ò tó lọ́jọ́ yẹn ni o, bóyá íǹkì mi ló tán. Ẹ rán ọmọ yín wá gbà á, ọ́fíìsì wa máa ń ṣí títí aago mẹ́rin.